Má Fi Èédú Fọ Eyín Àríyọ̀ Mọ́

Morónfólú, tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àti Àríyọ̀ ọmọ rẹ wà ní ilé ìwòsàn eyín ní Ìyànà Ìyesí. Wọ́n fẹ́ fi nǹkan bo eyín rẹ̀ tó yí àwọ̀.

Má fi èédú fọ̀ ọ́ mọ́, má sì nà án. Dókítà eyín tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ ní kì í ṣe ìdọ̀tí, bó ṣe hù nìyẹn, oògùn ló ń fà á.

Ó bi mí pé, "Màmá, kí lẹ fún un lò ní kékeré?"

Mo ní n kò rántí. Mo rántí. Nígbà tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí o wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo ń tú kápúsù pupa àti yẹ́lò sínú ògì rẹ̀.

Ǹ bá sá lọ sí Alápòtì, àmọ́ a ti ta ilé ibẹ̀.

Tí a bá wọlé, èmi ni kí o bá jà.

Ìyá rẹ