Ìlù Tí Mo Kọ fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ọ̀la ni ọkọ mi ń lọ sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n lọ tún ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ọwọ́ tí nǹkan kan ò ṣe... èmi ni mo sì fà á.

Barber ni ọkọ mi, àdúgbò Takie níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun náà ló ń lu drum set fún kọ́yà wa ní Áńgílíkà. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tú POP tí wọ́n fi de ọwọ́ náà, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń gẹ irun, kò sí oníbàárà tó ráhùn. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní music ní sùkúù wá ní kí n fi orin tuntun kí i káàbọ̀. App tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin lórí kọ̀ǹpútà, tó máa ń lù ú jáde fún èèyàn gbọ́, òun ni mo fi kọ ipa ti ìlù. Mi ò lu ìlù rí láyé mi o! Mo kàn ń fi nóòtì lé nóòtì, kọ̀ǹpútà ń lù ú, èmi ń jó ní pálọ̀... Ní rehearsal, ọkọ mi gbìyànjú títí, kò rí i lù. Ó ní ó jọ pé ìlù yìí ò ṣeé lù. Inú bí mi. Níwájú gbogbo kọ́yà ni mo ti sọ pé kọ̀ǹpútà lù ú, ọwọ́ tiẹ̀ ló ti kú. Ó gbé igi ìlù sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó lọ bá bàbá kan tó ń to eegun ní Ọ̀yọ́, bàbá náà ní eegun ò jókòó dáadáa, àwọn á tún un ṣẹ́, àwọn á sì tún un tò.

Àná ni mo lọ jókòó sídìí drum náà fúnra mi, mo ní kí n wá bí mo ṣe lè fi sùúrù kọ́ ọkọ mi. Ọwọ́ ọ̀tún lórí kímbálì, tòsì lórí snare, ìlù tó wà níwájú ẹni, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tom, ìlù mìíràn tí ọwọ́ náà ń lù, tó yẹ kó dún pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ọwọ́ wo ni màá fi lù ú? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́ta ni mo kọ ọ́ fún! Kọ̀ǹpútà ò lọ́wọ́, kí ló kàn án? Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Ẹ máa ní kí n kàn sọ fún un. Mo mọ̀. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo lọ bá a, tí mo tún yí ẹsẹ̀ padà? Ọkọ mi kì í bínú, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Tó bá gbọ́, ṣé ó tún máa wojú mi mọ́?

Ó ti di báàgì rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló ní kí n fi èyí tí kọ̀ǹpútà lù yẹn sórí fóònù òun, kí òun gbé e fún bàbá náà gbọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ dé. Mo sì fi ránṣẹ́... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un kó tó wọ mọ́tò láàárọ̀ ọ̀la?