Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Dókítà

Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 2025.

Olúgbénga ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Tèmítọ́pẹ́ ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí ooru Abújá má sì pọ̀ jù fún yín. Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún tí o mọ̀. Kí o tó kà á síwájú, mọ̀ pé ìyá rẹ ti kúrò ní ọsibítù, ó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, etí ìyá rẹ kì í jìnnà sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í rán Jíbọ́lá ọmọ àbúrò mi, tó ń padà sí Abújá lọ́la.

Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú pálọ̀. Mo gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù ṣubú. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ohun tó ń sọ kò sì yé mi. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́. Ìyá Wúrà aládùúgbò wa sáré wọlé, ó ní, "Bàbá Gbénga, rọpárọsẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ bá pásítọ̀." Mo ní kó pe Akínlolú ọkọ rẹ̀ kó gbé mọ́tò jáde. Ó ní, "Pásítọ̀ ò jìnnà o." Mo ní ọsibítù náà ò jìnnà.

Ní ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju Kíkẹ́ àbúrò rẹ lọ ni dókítà, Dókítà Ṣàngódèyí. Ó ní kí ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín. Ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọ̀tún wálẹ̀. Ó ní kó sọ pé "Àkúrẹ́ ni mò ń gbé", ó sọ nǹkan míì. Ó wá kọjú sí mi: "Bàbá, aago mélòó lẹ rí Màmá gbẹ̀yìn tí ara wọn ṣì dá? Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ṣubú o." Mo ní bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn aago méjìlá lórí rédíò, ó ṣì ń bá mi jiyàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dí nínú ọpọlọ, láti aago yẹn ni àwọn ó ti máa kà á, torí oògùn tó ń tú u kì í ṣiṣẹ́ bó bá ti pẹ́ jù.

Ó béèrè oògùn tí ìyá rẹ ń lò. Mo ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti lo méjèèjì láàárọ̀. "Ṣé wọ́n jẹun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ni wọ́n jẹ?" Mo ní ẹ̀kọ àti àkàrà.

Gbénga, irọ́ ni. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀ wa nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lèmi àti ìyá rẹ dá, nítorí ìwọ àti Kíkẹ́. Ọdún méjì rèé tí ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ ìdána rẹ̀ tí o dìde láàárín àwọn àna tí o ní Ọlọ́runníyì tó fẹ́ ẹ kì í ṣe ọkọ gidi. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, torí Jésù ní kí ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ bọ́jú rẹ̀ kó sì fi pamọ́ fún ènìyàn. Mo rò pé bí mo bá sọ fún dókítà, ààwẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ojú tún ń tì mí láti tú ọ̀rọ̀ ilé mi sílẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí. Aago mẹ́ta la máa ń ṣínu. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò yéé lo oògùn ṣúgà láràárọ̀, ó ní omi àti oògùn kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Èmi náà ò sì rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń purọ́ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì kan, Tìmílẹ́yìn, ti gún ìyá rẹ níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Ẹ̀rọ náà ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Dókítà ní kó gún ìka míì, nǹkan kan náà ni. Ó ní ó kéré tán, ó yẹ kó tó àádọ́rin. Ó wò mí. "Bàbá, àkàrà wo lẹ ní wọ́n jẹ? Kò tíì dé inú ẹ̀jẹ̀ o." Nọ́ọ̀sì ní, "Bóyá ó ṣì wà nínú epo." Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́.

Wọ́n fún un ní omi ṣúgà láti ojú iṣan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹnu rẹ̀ fi padà sípò, tó sì gbé ọwọ́ náà sókè fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá Gbénga, ta ló pa áyọ́ọ̀nù?" Mo ní n kò rántí, torí irọ́ ọjọ́ yẹn ti tó mi. Akínlolú ló pe ìyàwó rẹ̀ kó lọ wò ó.

Dókítà ò tíì fi í sílẹ̀. Ó ní àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe bíi rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n méjèèjì lè wà pọ̀. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọn ò rí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n dá a dúró di àná, torí oògùn tó lò lè tún fa ṣúgà náà wálẹ̀. Kí a tó kúrò, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ká ní a ò ní ẹ̀rọ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ẹnu yín là bá tẹ̀ lé. À bá máa wá ẹ̀jẹ̀ tó dí, kí ebi máa pa wọ́n lọ lójú wa." Láti ìgbà náà, mi ò tíì sùn dáadáa.

Kíkẹ́ wá láti Oǹdó lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sùn. Ó bi mí bóyá o ti gbọ́. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ má fi dẹ́rù bà á."

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Bí a ṣe délé lánàá, ìyá rẹ ní ọjọ́ mẹ́rin ló kù nínú ààwẹ̀ náà, pé ọjọ́ Ajé lòun ó máa bá a lọ. Mo pe pásítọ̀ wá. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ò béèrè ẹ̀mí rẹ̀, pé ó ti tó. Ìyá rẹ ní, "Ẹ ṣé, pásítọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ lóyún wọn." Pásítọ̀ mu omi, ó lọ. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló lè dá a dúró. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ lẹ́nu Kíkẹ́ pé o pè é, ààwẹ̀ parí, òun ó jẹun lójú ẹsẹ̀.

Mi ò ní kí o sọ pé o jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ pé o kàn béèrè àlàáfíà Kíkẹ́ àti ti ọkọ rẹ̀, ó tó. Ìwọ lo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni kó kọ́kọ́ pè. Ìyá rẹ ò gbọ́ tèmi, kò gbọ́ ti pásítọ̀, mi ò sì lè fi agbára fún un lóúnjẹ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀ iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ yóò máa tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ tí o bí yóò máa wá ara wọn rí, lójú rẹ àti lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
S. A. Fálóyè.

Àfikún: Kíkẹ́ ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo kọ tuntun sẹ́yìn ìwé yìí, mo sì ti pè é wò, ó wọlé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Jíbọ́lá yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ, Ọjọ́ Àìkú nìkan ló kù. Aago kan ni Kíkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.