Bàbá Ghedeon Lupșe, Ẹni Tó Padà Jókòó sí Bẹ́ńṣì Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin aládùúgbò, àwa ẹbí Lupșe dúpẹ́ pé ẹ wá bá wa sin Bàbá wa nínú òtútù yìí.

Abúlé Poiana Dudului ni wọ́n ti bí Bàbá Ghedeon Lupșe ní oṣù kejì ọdún 1938, nígbà tí yìnyín ga dé ojú fèrèsé. Simion Lupșe tó ń kan àgbá onígi ni bàbá wọn. Saveta, ọmọ ilé Hodiș, ni ìyá wọn, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ bọmi nínú odò wa. Wọ́n ní ìrọbí náà pẹ́ gan-an, àti pé láti inú oyún ni Bàbá ti ń bá èèyàn jiyàn. Àwa kò sí níbẹ̀, a kò lè jẹ́rìí sí i.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni wọ́n ti kàwé. Olùkọ́ wọn sọ pé ọmọ náà mọ̀wé, àmọ́ "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì ìgbà yẹn, ìbéèrè yẹn lè ran odindi ìdílé lọ sẹ́wọ̀n, nítorí náà bàbá wọn tètè yọ wọ́n kúrò, ó sì fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ àgbá.

Iṣẹ́ náà yẹ Bàbá. Wọn kì í gba àgbá gbọ́ nítorí pé ó dún dáadáa nígbà tí wọ́n kàn án. Omi ni wọ́n máa ń dà sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo agbègbè ló ń ra àgbá lọ́wọ́ wọn. Bàbá, tí kì í fẹnu kan ọtí, gbà tọkàntọkàn pé kábéèjì oníyọ̀ ìgbà òtútù ni gbogbo oníbàárà fẹ́ tọ́jú sínú àgbá. Bó bá jẹ́ pé kábéèjì ló wà nínú gbogbo àgbá yẹn lóòótọ́, abúlé wa nìkan ì bá ti bọ́ gbogbo Rumania yó.

Ní ọdún 1961, wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Veturia, ọmọ Chiș. Ìyá ti mọ Sáàmù sórí kí Bàbá tó mọ ọ̀nà ilé ìjọsìn. Wọn ò fi yangàn rí. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ilé tòrò mọ ìgbà tí èèyàn ń panu mọ́.

Ní ọdún 1970, ìjọ Onítẹ̀bọmi wa fi Bàbá ṣe alàgbà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ. Ẹ tún wá rí iṣẹ́! Ẹ̀kọ́ tó yè kooro, ni Bàbá máa ń wí, èyí tó wà nínú Ìwé Mímọ́ ni. Bí oníwàásù bá ti sọ ohun tí kò dá wọn lójú, wọ́n á dìde ní ìjókòó iwájú, wọ́n á sì bi í pé, "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Ẹni tí kò bá rí ẹsẹ fà yọ yóò lọ jókòó sí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, títí yóò fi rí i tàbí tí yóò fi gbà níwájú ìjọ pé òun ṣìnà. Oníwàásù kan wá láti ìlú ńlá, ó ní ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá péye, òtútù kì í mú un. Bàbá ní kó lọ fi bẹ́ńṣì dán an wò. Kí a tó kọ orin ìparí, ọkùnrin náà ti sín débi pé Ìyá yọ ìborùn tiwọn fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1991, Teofil, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, wàásù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ajá wa, Bobiță, kú lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọdé abúlé sì ń sunkún rẹ̀. Teofil sọ fún wọn pé Bobiță wà lọ́run. Bàbá dìde. Teofil fa ti ìkookò àti ọ̀dọ́ àgùntàn yọ. Bàbá ní ìkookò kì í ṣe ajá. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí Ìfihàn, wọ́n sì kà á sókè pé, "Lóde ni àwọn ajá gbé wà." Teofil lọ sí bẹ́ńṣì bí wọ́n ṣe ní kó lọ, ó jókòó díẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí i. Ó dé Oradea, ó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó gbéyàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀, Bàbá kò sì gbé ìkankan nínú àwọn ọmọ náà rí. Ìyá nìkan ló ń pè lórí fóònù. Bí Bàbá bá wọlé nígbà náà, wọ́n á ṣe bí ẹni ń wá òòlù wọn káàkiri yàrá.

Ó wá di àjọ̀dún ìkórè ọdún 2008. Bàbá ń wàásù láàárín àwọn elégédé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi kọ́ gbogbo wa láti kékeré: "Ìwé Mímọ́ sọ pé, Ọlọ́run a máa fúnni, kì í báni kó o sápò." Pásítọ̀ tuntun, ọmọlúàbí ọkùnrin tó kàn fẹ́ máa fojú bá a lọ nínú Bíbélì, bi wọ́n pé orí wo ni. Bàbá ní Òwe ni. Gbogbo ìjọ ń ṣí Bíbélì wìrìwìrì. Nígbà tó pẹ́, Bàbá ní ká kọrin.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka Bíbélì, láti Jẹ́nẹ́sísì, iṣẹ́ àgbá sì dúró. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n wá bá Ìyá ní ìdáná.

"Veturia, ọ̀rọ̀ àpò yẹn ò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀. Òwe àwọn baba wa ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí n tó fẹ́ yín."

"O ò sì sọ?"

"Ẹ ò bi mí. Ta sì ni yóò máa bá yín fi ọtí ra ẹsẹ̀ bí òtútù bẹ́ńṣì bá mú yín?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, wọ́n sì rìn lọ sí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà. Ìjọ ní ó ti tó, kí wọ́n padà síwájú. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan jáde láti orí bẹ́ńṣì náà tí kò tíì wọlé padà, wọ́n sì ní kí Ìyá pe Oradea.

Teofil dé nígbà Kérésìmesì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwa tí a wà nítòsí ló gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Teofil, mo tún ẹsẹ ajá yẹn kà, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tó yí i ká. Apànìyàn àti òpùrọ́ ló ń bá wí. Kò bá Bobiță wí. Kò sì bá ọ wí, èmi ni mo fi lé ọ jáde."

"Bàbá, ṣé ó wá sọ pé ajá á wọlé ni?"

"Kò sọ. Nítorí náà, èmi àti ìwọ, ká panu mọ́ níbi tó panu mọ́ sí. Jókòó, atẹ́gùn ń wọlé."

Teofil ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí a ti lè kọ sínú ìwé lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi Bàbá nípa ẹ̀kọ́ tó yè kooro, wọ́n á ní pé ó wà nínú Ìwé nìkan kò tó. Kí èèyàn ka ìyókù ojú ewé náà, kó da omi sí i bí àgbá, kó sì wo ẹni tí yóò rì sínú rẹ̀ àti ẹni tí yóò rí mu. Wọn kò kúrò lórí bẹ́ńṣì náà mọ́. Àwọn ni wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó pẹ́ dé káàbọ̀.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún 2019. Wọ́n fi Ìyá wa Veturia sílẹ̀, àti àwọn ọmọ: Lidia, Teofil àti Estera, àwọn ọmọ-ọmọ: Naum, Rebeca, Iosif, Tabita àti Damaris, àti Samson, ajá Teofil, tí Bàbá fúnra wọn pàṣẹ pé ká kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ lónìí pé àwọn ń wò wá láti òkè, torí àwọn kò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. A kò ní sọ ọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ la ó sọ: ìfẹ́ kì í yẹ̀ láé.

Ẹ ó rí pósí wọn lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, kì í ṣe níwájú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Samson dúró lóde láti àárọ̀, yìnyín ń bọ́ sí i lára. Teofil ti lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Sùn re o, Bàbá. Gbogbo wa ti wọlé.