Ẹní Mẹ́rìnlá Lórí Ilẹ̀ Pupa

Vasemaca, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o wà ní àlàáfíà ní Suva, ṣé àwọn tó o jọ ń ṣiṣẹ́ kò fojú pa ọ́ rẹ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì ọdún tó kọjá gbé wa lọ pẹ̀lú ilé wa kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé ọ lọ. Ìyá rẹ Kelera kí ọ. Ẹlẹ́dẹ̀ wa bí mẹ́jọ, ọ̀kan kú.

Ọ̀rọ̀ ilé tuntun tí owó rẹ ń kọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. O mọ̀ pé ààlà gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Ilé ìdáná bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba ìlú, yàrá bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba ìgbèríko, kálukú wọn sì fún mi ní ìwé òfin tirẹ̀ lórí eruku àti ọ̀gbàrá. Mo tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, torí pé fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo fi wọn àgbọn gbígbẹ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, n kò fojú díwọ̀n rí.

Ìwé ìlú ní kí n máa bu omi wọ́n ilẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kí eruku má baà gbéra. Ìwé ìgbèríko ní omi tó bá kan ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣàn dé odò. Mo wá ń fi ife wọ́n ọn, ife kan sí ìṣísẹ̀ kan, mo ń dúró kí ilẹ̀ mu ún tán. Ìwé ìlú tún ní ohunkóhun tó bá ń jáde kò gbọdọ̀ gbé ẹrẹ̀ jáde. Mo fọ ẹsẹ̀ àwọn bíríkìlà, mo fọ ti àlùfáà wa, mo fọ ti màlúù. Àlùfáà rò pé mo ronú pìwà dà ni, ó gbàdúrà gígùn fún mi. Ìwé ìlú yìí kan náà ní kí n na aṣọ dúdú kan tó ga dé orúnkún sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọgbà, kí ó máa dá ẹrẹ̀ dúró. Mo ní ọgbà wo nìyí tí ẹlẹ́dẹ̀ lè fò? Ìyá rẹ ní bóyá ẹrẹ̀ tiwọn kì í fò.

Ibi tó le nìyí. Méjèèjì pàṣẹ pé kí a bo gbogbo ibi tí a ti hú koríko kúrò kí àwọn olùbẹ̀wò tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹrẹ̀ bá wọ odò, wọn yóò dá iṣẹ́ dúró títí àsìkò ìjì yóò fi kọjá, a ó sì máa gbé lábẹ́ àgọ́ ọ̀rá yìí fún oṣù mẹ́fà sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ṣú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ẹní la máa ń tẹ́. Ó wọlé, ó gbé ẹní mẹ́rìnlá jáde, gbogbo èyí tó hun pamọ́ de ìgbéyàwó rẹ, àwọn tó ní òwú aláràbarà létí. A tẹ́ wọn, a fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú odò ni mo dúró sí, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo ń rí i títí òjò fi dá, omi kò dàrú.

Olùbẹ̀wò ìgbèríko, Isikeli, bọ́ bàtà kó tó gun ẹní, ó ní Bàbá, iṣẹ́ yìí dára. Shaleen tó wá láti ìlú bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹní kò sí nínú ìwé òun, pé aṣọ dúdú ni òun mọ̀, pé kí n fi í síbẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ dúró.

Nítorí náà, ra ogójì mítà aṣọ dúdú, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ Ajé, kí o sì fi ọgọ́rùn-ún dọ́là kún un. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́. Mo tú ẹ̀yìn fóònù nígbà tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ìyá rẹ fẹ́ fọ àwọn ẹní náà, ṣùgbọ́n mo tún ìwé méjèèjì kà. Ohun mìíràn tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé a kò gbọdọ̀ fọ ohun ẹlẹ́rẹ̀ nínú odò. Ó ní kò burú, kí àfẹ́sọ́nà rẹ ní sùúrù. Ó ti mú àdá, ó ti lọ gé ewé tí yóò fi hun òmíràn.

Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láyé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Peniasi