Agbádá Tó Tẹ́jú Lápá Kan

Abúlé Ìdí-Ẹ̀mi,
Ojú Ọ̀nà Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kìn-ín-ní, 1973.

Ràúdátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Gàní, mo kí Fàsílátù ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ pé òun ní bàbá àgbà, mo sì kí ìyá rẹ lọ́tọ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìmúra Iléyá tó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ẹ bá ń bèèrè wa, a wà láàyè, gbogbo ètè wa ló ti là, ṣùgbọ́n ètè tó là sàn ju ètè tó dákẹ́ lọ. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a máa kí ara wa nínú ìwé ká má fojú rí ara wa, àmín.

Má bèèrè ẹni tó bá mi kọ lẹ́tà yìí, èmi fúnra mi ni. Tíṣà Akínwálé, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé nírọ̀lẹ́, ní òun yóò bá mi kọ ọ́, mo ní ó ṣeun, kó fi sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àlejò ń bá ni dá sí. Tí o bá rí ibi tí gègé ti lu ìwé, má bínú, ọwọ́ tó ti ń di ọkọ́ mú láti kékeré ni.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O bi mí bóyá mo gbà kí ìyá rẹ dúró tì yín ní Ṣàngó títí Fàsílátù yóò fi máa rìn. O ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ mi ni, kí n má ṣe ìyọnu, o ti fi pẹ́gì ránṣẹ́, ọkọ rẹ yóò sì ra áyọ́ọ̀nù. Mo ti gbọ́, màá sì dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ náà ṣe rí, nítorí ohun tí mo ti rí láàrin oṣù mẹ́rin tí ìyá rẹ ti wá bá ọ wẹ ọmọ yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ràúdátù, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni aṣọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí mo sì ń bá a nínú àpótí, ó ti mọ́, wọ́n ti ká a, ó ń ta sánsán. N kò bèèrè rí bó ṣe ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé inú àpótí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí ìyá rẹ lọ ni mo ṣí àpótí tí mo bá a lófìfo, tí gbogbo aṣọ mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí mo bọ́ wọn sí, kò sí ìkankan tó gbéra. Sùbùhánàlláhì! Àṣé èèyàn ló ń ṣe é.

Ládi aya àbúrò mi kọ́kọ́ bá mi fọ agbádá funfun tí mo máa ń wọ̀ lọ Jímọ̀. Ó mọ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ká a lọ́nà ti ilé bàbá rẹ̀. Ìlà tí ìyá rẹ máa ń ká sí i máa ń gba ìbú ẹ̀yìn, ti Ládi gba àárín sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ dé mọ́ṣáláṣí, Alfa Àbdùlgàfárù lèmọ́mù wa wo ẹ̀yìn mi títí, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé mo ti gbé ìyàwó mìíràn ni tí n kò pe òun sí yìgì. Ẹ ò rí i bí ìlà aṣọ ṣe ń ṣòfófó! Ọjọ́ náà ni mo búra pé èmi fúnra mi ni màá máa fọ̀ ọ́, tí màá sì máa ká a bí ìyá rẹ ti ń ká a.

Níbẹ̀ ni ìyanu ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti fọ̀ ọ́, tí mo sá a, tí mo ká a gẹ́gẹ́ bí ìlà rẹ̀ àtijọ́, tí mo sì tẹ́ ẹ síbi tí ìyá rẹ máa ń tẹ́ ẹ sí, apá òsì agbádá náà á tẹ́jú pẹrẹsẹ, apá ọ̀tún á rún wúruwùru. Jímọ̀ mẹ́ta gbáko, ẹni tó bá jókòó sí òsì mi á kí mi kú ọ̀ṣọ́, ẹni tó bá jókòó sí ọ̀tún á bi mí pé ṣé kò sí nǹkan nílé. Èyí sì ni agbádá tí mo fẹ́ wọ̀ lọ kírun Iléyá.

Mo wá rántí pẹ́gì. Kí n jẹ́wọ́ fún ọ, pẹ́gì ti dé ṣáájú lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo rí igi pẹlẹbẹ méjì tí wáyà so pọ̀, tó ń lanu tó ń pa á dé, mo rò pé o gbọ́ pé èkúté ń yọ wá lẹ́nu ni. Mo fi ẹja gbígbẹ sẹ́nu mẹ́rin nínú wọn, mo tò wọ́n sẹ́yìn ìkòkò. Èkúté jẹ ẹja, ó fi pẹ́gì sílẹ̀. Lẹ́yìn tí lẹ́tà dé ni mo tó fi méjì di agbádá mú lórí okùn. Atẹ́gùn ọyẹ́ ọjọ́ náà le, ó já okùn, ó gbé okùn àti agbádá lọ fi kọ́ igi ẹ̀mi, nígbà tí mo sì dé ìdí igi, pẹ́gì ṣì gan ẹnu mọ́ àwọn méjèèjì. Okùn já, pẹ́gì kò tú! Mo dúró, mo ń wò ó, ẹnu yà mí. Ìbá dára kí wọ́n máa fún tọkọtaya ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yìgì. Ṣùgbọ́n agbádá ṣì rún lápá kan.

Mo tún padà sínú lẹ́tà rẹ, mo ka ibi tí o ti ní agbádá ọkọ rẹ, ẹnìkan ní àdúgbò Ṣálẹ́ńjì ló ń bá a fọ̀ ọ́, wọn kì í sì í fi omi kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Láìfomi kàn án! Àfi bí ẹni tan iná sí mi nínú, ó yé mi pé tàyámọ́mù ni. Ẹni tí kò bá rí omi ṣe àlùwàlá, ṣebí Ọlọ́hun fún un ní erùpẹ̀ mímọ́. Kànga wa náà sì ti fà, nítorí náà mo ní kí n fi ṣòkòtò dán an wò ká tó kan agbádá. Mo wá erùpẹ̀ tó mọ́, mo ṣe bísímílà, mo fi ra ṣòkòtò níwájú, mo fi rà á lẹ́yìn, mo gbọ̀n ọ́n, mo wọ̀ ọ́. Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè jókòó dáadáa. Alfa Àbdùlgàfárù ní ta ló rán mi níṣẹ́, ó ní èèyàn ni tàyámọ́mù wà fún, ṣòkòtò kì í kírun. Síbẹ̀ ó ní kí n bá òun bi yín bóyá Àáfà ni ẹni tó wà ní Ṣálẹ́ńjì náà.

O tún ní ẹ kì í ká aṣọ nílé yín, ẹ máa ń gbé e kọ́ ni. Mo mọ̀, mo ti rí i. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí mo ń wá ilé ìtọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn kan ní yàrá yín, mo bá aṣọ ọkọ rẹ lórí ìdúró, èjìká tẹ̀ lé èjìká, kò sí orí, kò sí ẹsẹ̀. Mo kí wọn ní sàlámọ̀, mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ti áyọ́ọ̀nù tí iná ń gba inú okùn wọ̀, tí okùn náà kì í sì í jó, agbára Ọlọ́hun pọ̀. Abúlé wa kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Mo ti ronú pé kí ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa lọ́dọ̀ yín, kí ẹ fi àpò wé e nípọn, kí ẹ fi rán dẹ́rẹ́bà tó máa ń tètè kúrò ní ìdájí, kó má dúró gbé èrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìyọnu ìyẹn mọ́, nítorí mo ti mọ ohun tó ń ṣe agbádá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kí n yí i po, kí apá ọ̀tún lọ síbi tí apá òsì máa ń wà. Nígbà tí mo yọ ọ́, apá ọ̀tún ló tẹ́jú, apá òsì ló rún. Mo ní áà, ara agbádá le koko, ibùsùn ló ń ṣàìsàn. Ràúdátù, dárí jì mí pé ọmọ tí mo bí ni mò ń sọ èyí fún. Bí ìyá rẹ bá ti ká agbádá sí méjì, abẹ́ ẹní wa ló máa ń tẹ́ ẹ sí, láti ẹ̀gbẹ́ tèmi dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, àwa méjèèjì la ó sì sùn lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun ni áyọ́ọ̀nù wa láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ń tẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ìyá rẹ ń sùn, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Mo gbìyànjú kí n sún síbẹ̀, oorun kò wá. Mo wá gbé àpò ọkà bàbà kan tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dípò rẹ̀. Jọ̀ọ́, má sọ èyí fún un. Bàbà náà tẹ agbádá díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ta jí, mo sọ fún un pé ọyẹ́ ọdún yìí mú o, kò dá mi lóhùn, mo sì rántí.

Ìdáhùn mi nìyí. N kò gbà. Ogójì ọjọ́ la jọ sọ, mo ti fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ṣe sùúrù. Fàsílátù yóò rìn, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ẹ mú un wá kó wá rìn níbí kí n rí i. Ṣé o rí i, n kò lè wá mú ìyá rẹ fúnra mi, nítorí ilé àna mi ni ilé yín, àgbàlagbà kì í lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àna kó ní ìyàwó òun lòun ń wá. Ẹ fi í sọ́kọ̀. Kí ẹ sì wò ó dáadáa tó bá ń sọdá, láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba ọ̀tún ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Owó ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, àti díẹ̀ tí màá fi ra obì Iléyá. Wọ́n ní ìjọba ti bí owó tuntun tó ń jẹ́ náírà, àti pé kọ́bọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣé kọ́bọ̀ tí àwa ti ń ná látọjọ́ yìí náà ni, àbí òmíràn? Èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́, fi rán ìyá rẹ.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ àti ọwọ́ ọkọ rẹ. Fàsílátù á dàgbà, á gbó, á tọ́. Ẹ kò ní fi ọmọ ṣòfò, ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ ti tọ́jú ọmọ rẹ, Ọlọ́hun á fún ọ ní ẹni tí yóò tọ́jú ọ, àmín.

Tí kò bá sì tíì dé kí Iléyá tó dé, sọ fún un pé màá wọ agbádá náà bẹ́ẹ̀ lọ sí yídì. N kò ní fi nǹkan kan bò ó. Kí gbogbo jámọ́ọ̀ rí ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó mi kò sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yàkúbù Àdìsá.