Egbò Ẹsẹ̀ Màmá

Àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti bá ọ lọ aṣọ funfun rẹ, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò nílé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà, má sùn gbàgbé.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá ń ka lẹ́tà tí o fi tọrọ ààyè sí etígbọ̀ọ́ ará ilé kejì. "Ẹ gbọ́ bí Dókítà mi ṣe ń kọ̀wé!" Èmi tí mo bá ọ kọ ọ́ ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ni mo bá ki ìwé ìpè rẹ sínú ìwé ìtàn tí mo yá, mo fẹ́ gbé e lọ. Ìlara ni, mi ò ní purọ́. Mo ti dá a padà. Òun ló wà lábẹ́ ife yìí.

Wọ́n á bi ọ́ nípa egbò ẹsẹ̀ Màmá tí mo kọ sínú lẹ́tà tí Bàbá ń kà. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń fọ̀ ọ́, oṣù mẹ́ta gbáko. Ìwọ ò lè mọ̀. Bí mo bá ti ń tú báńdéèjì, o ti sá síta.

Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó ń fọ̀ ọ́, dárúkọ ẹni tó bá wù ọ́.