Abọ́ Omi Adìẹ Àwọn Sista

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kìíní 2019
Ọ̀gá Awò — ọkùnrin tó fi awò sójú, tí àwọn tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ àtijọ́ rán wá — yẹ Pupa, ọkọ̀ wa, wò fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé. Ó ní kò tó. Àfi ká fi hàn pé ọkọ̀ yìí gan-an sá eré náà láyé àtijọ́. Bàbá ìyàwó mi ló wà á lọ́dún 1955, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á ti ìforúkọsílẹ̀. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Bí kì í bá ṣe ọdún yìí, ìgbà wo?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
N kò jẹun.

Ọjọ́rú, 9
Ersilia, ìyàwó mi, ní, "Bàbá Oníjàyà, ṣé ìwọ lo fẹ́ sáré ni àbí ọkọ̀?" Àṣé ó mọ nǹkan kan! "Grillo" ni bàbá rẹ̀ pe ara rẹ̀ níbi eré. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ìyá wọn má baà gbọ́. Ìyá tirẹ̀ ti búra pé òun á fi igi tí òun fi ń ro polenta, ọkà àgbàdo wọn, là á lórí.
Grillo wà nínú ìwé! Ọkọ̀ 214! Mo fò sókè — orúnkún mi rán mi létí ọjọ́ orí mi.
Ọ̀gá Awò lórí fóònù: "Ta ló mọ̀ pé bàbá yín ni Grillo, sà? Ta ló mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Bàbá náà máa ń sọ pé òun kọlu ògiri ilé àwọn sista kan lẹ́bàá ìlú Goito nígbà eré náà. Mo ní kí la tún fẹ́ rí níbẹ̀? Ersilia ti wọ kóòtù.
Ìyá Redenta, ọ̀kan lára àwọn sista náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló jókòó tì wá. "Ẹni tó wó ògiri wa? Èmi ni mo bu omi ẹran fún un. Bó ṣe ń mu ún ló ń bẹ̀ wá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá mi o! Ṣé ìyá náà padà gbọ́?"
Ersilia ní, "Rárá, Ìyá. Ó kú láìgbọ́."
"Ọlọ́run ṣeun. Àwa ò sọ."
Ó wá ní ohun tó já bọ́ lára ọkọ̀ náà ṣì wà. Ibi tí adìẹ wà ló mú wa lọ. Ìdérí wíìlì ni wọ́n fi ń mu omi! Mo da yìnyín inú rẹ̀ nù, mo yí i padà: 37.
Mẹ́ta lára ìdérí wíìlì Pupa ní 37 nínú, nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà tẹ̀ sí i. Ìkẹrin kò ní nọ́ńbà kankan — ogójì ọdún ni mo ti ń fi ìyẹn ṣàníyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Mo fẹ́ fọ ìdérí tí àwọn sista fún wa kó dán. Ersilia já a gbà. "Fi ìgbẹ́ adìẹ sílẹ̀ níbẹ̀! Ẹ̀rí ni." — Tí ọkọ̀ 37 mìíràn bá wà ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 17
Ọ̀gá Awò lọ sọ́dọ̀ àwọn sista fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé ìrántí ilé wọn fún un: ọkọ̀ pupa, 214 lára rẹ̀, wó ògiri wa, awakọ̀ kò farapa, ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Ó gbé ìdérí náà sí wíìlì Pupa. Ó bá a mu rẹ́gí! Ó fọwọ́ sí i. Ersilia fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, awò ojú rẹ̀ jábọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Wọ́n ti gbà wá. Mo sunkún bí ọmọdé.
A gbé abọ́ tuntun lọ fún àwọn adìẹ. Ersilia ni yóò wakọ̀. Èmi á máa ka àwòrán ọ̀nà fún un. "Grillo" ló kọ sí àyè orúkọ awakọ̀. Inú Ìyá Redenta dùn, ó ní iwájú ògiri yẹn gan-an ni òun á dúró sí láti juwọ́ sí wa.
Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀."